Lẹ́tà Àjàyí àti Fọ́tò tí Mo Pa Rẹ́

Bóyá inú mọ́tò lẹ wà o, bóyá ẹ ń fọṣọ, ẹ yá mi létí díẹ̀. Àpẹ́tẹ̀ ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, níbi ní Ìbàdàn, ẹ̀ṣẹ̀ ara mi ni mo sì fẹ́ kọ́kọ́ jẹ́wọ́.

Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò wa ní ìwé kíkà lọ́jọ́ Sátidé. Nígbà kan, a ń wá owó ìwé. Mo bá ya fọ́tò ọmọbìnrin kan tó ń sunkún, mo kọ ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ sí abẹ́ rẹ̀, mo gbé e sórí WhatsApp status mi. Owó wọlé. Lọ́jọ́ kejì, ìyá ọmọ náà dé. Oníbàárà rẹ̀ kan ló fi fọ́tò náà hàn án lọ́jà, tó ń bi í bóyá ebi ń pa ọmọ rẹ̀.

Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ tiẹ̀ bi í léèrè ohun tó ń pa á lẹ́kún?"

Àbúrò rẹ̀ ló gba bisikíìtì ọwọ́ rẹ̀. Mi ò lè fèsì. Mo bẹ ìyá náà, mo pa fọ́tò náà rẹ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bí àwọn tó ṣáájú wa ṣe ń fi ìtàn wá olùrànlọ́wọ́. Ìwádìí yẹn ò gbé mi jìnnà. Òṣóògùn ló gbé mi dé, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa níbí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní 1821, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, àwọn obìnrin Òṣóògùn ń dáná oúnjẹ àárọ̀ nígbà tí ogun wọ̀lú. Wọ́n kó ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí, ọmọ nǹkan bí ọdún 13, pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀. Wọ́n fi í gba ẹṣin. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, títí ó fi bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú àwọn Potogí. Ní April 1822, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n sì kó wọn lọ sí Sàró. Ọmọ yẹn la mọ̀ sí Samuel Àjàyí Crowther.

Báwo la ṣe mọ̀ pé aago mẹ́sàn-án ni? Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Ní 1837, ó kọ lẹ́tà sí akọ̀wé CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní London ní 1799. Owó tí àwọn ọmọ ìjọ ń dá, títí kan kọ́bọ̀ tálákà, ni ẹgbẹ́ náà fi ń ṣiṣẹ́. CMS tẹ lẹ́tà yẹn sínú ìwé ìròyìn wọn fún àwọn tó ń dáwó. Kò sí fọ́tò níbẹ̀. Oúnjẹ àárọ̀ ló wà níbẹ̀, àti ẹṣin, àti ọmọ tí ayé sú débi pé ó fẹ́ pa ara rẹ̀.

Ìtàn náà ò parí síbẹ̀. Ní August 1846, ní Abẹ́òkúta, Àjàyí tún fojú kan ìyá rẹ̀, Àfàlà, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25. Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Mi ò sọ pé CMS ò ní ète tiwọn o. Ẹ̀sìn ni wọ́n fẹ́ tàn kálẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé irú ìtàn yìí ń ṣí àpò. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Àjàyí ló di kálàmù mú.

Ẹ wá wo ayé fóònù tiwa. Ní April 2014, Boko Haram jí ọmọbìnrin 276 gbé ní ilé ìwé wọn ní Chibok. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ló bẹ̀rẹ̀ #BringBackOurGirls, gbogbo ayé sì gbè é. Iṣẹ́ ńlá ni. Àmọ́ nínú àwọn fọ́tò tí àwọn èèyàn ń pín kiri, àwọn kan wà tí kì í ṣe ti Chibok rárá. Ami Vitale, ayafọ́tò ọmọ Amẹ́ríkà, ló yà wọ́n ní Guinea-Bissau ní ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú, òun náà ló sì figbe ta. Ọmọ ọlọ́mọ jókòó jẹ́ẹ́ nílùú rẹ̀, ayé ti sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n jí gbé. Nígbà tí mo kà á, fọ́tò Àpẹ́tẹ̀ ló wá sí mi lọ́kàn.

Ohun tá a ń ṣe báyìí rèé. A kọ́kọ́ ń tọrọ àyè lọ́wọ́ òbí. Ọmọ tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ nínú voice note, láìsí fọ́tò. Tí owó bá wọlé, a máa ń gbé rìsíìtì ìwé tá a rà síta, a sì máa ń padà wá sọ ibi tí ọmọ náà kàwé dé. Owó àkọ́kọ́ ò tó ti ọjọ́ ẹkún yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn tó fi í ránṣẹ́ ń padà wá béèrè pé, "Ọmọ yẹn ti parí ìwé rẹ̀ ńkọ́?"

Ọmọbìnrin ọjọ́ náà ṣì ń wá ní Sátidé. Ìyá rẹ̀ ló ń mú un wá.

Tí ẹ bá fẹ́ fi ìtàn ẹlòmíì wá owó fún iṣẹ́ rere, ẹ kọ́kọ́ gbé ẹnu fóònù sún mọ́ ẹni tó ni ín. Ó dìgbà kan ná o.