Owó-Orí, Olówó àti Tálákà ní Ilẹ̀ Yorùbá



Ọ̀rọ̀ owó-orí ni mo fẹ́ bá yín sọ, n kò sì ní sọ ọ́ bí àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ṣe máa ń sọ ọ́. Ìtàn ni iṣẹ́ mi. Ìbéèrè tí mo gbé wá kò ju ẹyọ kan lọ: nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí ti ìbílẹ̀ bá bu owó lé àwọn ènìyàn, ta ni ẹrù náà ń wọ̀ lọ́rùn jù, olówó ni àbí tálákà? Èdè wa fúnra rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ bi léèrè. Ó kéré tán, orúkọ mẹ́ta ni ó ní fún owó tí ìjọba ń gbà. Owó-bodè ni èyí tí a ń gbà ní ẹnu ibodè ìlú. Owó-òde ni ọ̀rọ̀ tí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì lò, tí wọ́n fi pe ẹni tí ń gbà á ní agbowó-òde. Ẹ̀kẹta ni owó-orí, òun ni ó sì borí àwọn yòókù lẹ́nu wa lónìí. Ohun tí a fi ń wọn owó náà ni orúkọ yìí ń sọ fún wa. Kì í ṣe oko, kì í ṣe ẹrù, kì í ṣe èrè. Orí ni. Ẹyọ kan ni orí ọlọ́rọ̀, ẹyọ kan náà sì ni orí òtòṣì.

Kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó dé, oníbodè kì í ka orí. Ẹrù ni ó ń wò. Ẹni tí ó ru ẹrù kan san ti ẹrù kan. Oníṣòwò tí ogún alárù tẹ̀ lé lẹ́yìn san ti ogún. Lójú lásán, ó dà bí ẹni pé olówó ni ó ń san jù. Ṣùgbọ́n kí a má jẹ́ kí ojú tàn wá jẹ: oníṣòwò náà mọ ìṣirò, ó ti fi owó-bodè lé iye ọjà rẹ̀, ìyá tí ó ra iyọ̀ díẹ̀ ní ọjà ni ó san án ní ìkẹyìn. Ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó ń ka owó sílẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ẹrù rẹ̀ ń wọ̀ lọ́rùn. Ìṣákọ́lẹ̀ tilẹ̀ fi àyè sílẹ̀ ju èyí lọ, nítorí pé inú ìkórè ni ó ti ń wá. Bí oko kò bá ṣe dáadáa lọ́dún kan, ojú onílẹ̀ ń rí i, a sì lè bẹ̀ ẹ́.

Láàrin ọdún 1916 sí ọdún 1918 ni ìjọba Lugard mú owó-orí wọ ilẹ̀ Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú. Títí di ọdún 1914 ni àwọn Ẹ̀gbá fi ń dá ìjọba ara wọn ṣe, tí wọ́n ń rí owó ìná láti ẹnu ibodè. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí a gba òmìnira náà lọ́wọ́ wọn ni a sọ fún wọn pé kí ọkùnrin àti obìnrin máa san owó lórí ara wọn. Ogun Àdùbí ni ó jáde nínú rẹ̀ ní ọdún 1918. Wọ́n hú irin ojú ọ̀nà rélùwéè, wọ́n pa Ọ̀ṣilẹ̀ Òkè-Ọnà, ìjọba sì kó sójà lé wọn lórí, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà dé. Iṣẹ́ àfipáṣe wà lára ohun tí ó bí wọn nínú, n kò sì fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ sí ọrùn owó-orí. Ṣùgbọ́n owó-orí ni ó dáná sí i.

Ọ̀ràn àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ni ó yẹ kí a dúró lé díẹ̀, nítorí pé inú rẹ̀ ni ohun tí mo ń wí ti hàn kedere. Ní Abẹ́òkúta, obìnrin ń san owó-orí tirẹ̀ lọ́tọ̀, kì í ṣe abẹ́ ọkọ rẹ̀. Láti ọmọ ọdún 15 ni a ti ń gbà á lọ́wọ́ ọmọbìnrin, ọjọ́ orí tí a kì í tíì gbà á lọ́wọ́ ọmọkùnrin. Iye kan náà ni aláró ńlá tí ó ní ìkòkò aró rẹpẹtẹ ń san pẹ̀lú ọmọbìnrin tí ó ń kiri ẹ̀kọ. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, a tún fi ìdíyelé àti ìfipá-gba oúnjẹ lé e. Ẹgbẹ́ tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti jẹ́ olórí rẹ̀ kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin lọ sí ààfin ní òpin ọdún 1947. Ní ọdún 1948 a dá owó-orí obìnrin dúró, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá sì kúrò ní ìlú. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1949 ni ó fi orí oyè sílẹ̀, kí ó tó padà ní òpin ọdún 1950.

Nínú ìtàn yìí, ohun tí àwọn obìnrin kọ̀ ni a sábà máa ń rántí; ohun tí wọ́n ní kí a fi rọ́pò rẹ̀ kì í sí lẹ́nu wa. Wọ́n ní kí ìjọba bu owó lé àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó tí ń ṣòwò ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹni tí kò fẹ́ san nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ti wo àtòjọ àwọn tí ń sanwó, tí ó rí orúkọ tí kò sí níbẹ̀, ni.

Ẹ fi ti Èkó wé e. Ní ọdún 1940, ìjọba fẹ́ gba owó lọ́wọ́ obìnrin Èkó tí èrè rẹ̀ bá ju £50 lọ lọ́dún. Àwọn obìnrin ọjà, pẹ̀lú Àlímọ́tù Pẹlẹ́wùrà ti ọjà Ẹrẹ́ko níwájú, fi ẹsẹ̀ rin ẹsẹ̀ lọ fi ẹ̀hónú hàn, ìjọba sì gbé ààlà náà lọ sí £200. Èkó ní ààlà. Abẹ́òkúta kò ní. Lábẹ́ ìjọba kan náà, ní ọdún kan náà, a dá alátẹ kékeré Èkó sí, a sì gbà á lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò jìnnà sí i ju ìrìn wákàtí díẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin.

Nígbà tí ìjọba bọ́ sí ọwọ́ ara wa, a kò ju orí sílẹ̀ bí òṣùwọ̀n. Ní ọdún 1953, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn bu ṣílè 10 àti sísì lé àwọn ènìyàn fún ètò ẹ̀kọ́ àti ìlera. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú sí i, ó sì wà lára ohun tí ó jẹ́ kí ẹgbẹ́ Action Group pàdánù ìbò ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1954 nínú ilé ara wọn. Síbẹ̀ n kò ní da owó yìí pọ̀ mọ́ ti Abẹ́òkúta. Láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1955, ọmọ àgbẹ̀ tí bàbá rẹ̀ kò lè rí owó ilé-ìwé san bẹ̀rẹ̀ sí í wọ kíláàsì lọ́fẹ̀ẹ́. Owó náà dọ́gba lórí gbogbo ènìyàn, àǹfààní rẹ̀ kò dọ́gba: ẹni tí kò ní ni ó jèrè rẹ̀ jù. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìdájọ́ owó-orí ní láti wo ibi tí ó ń lọ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń wo ibi tí ó ti wá.

Ní ọdún 1967, nígbà tí Ẹkùn náà di Ìpínlẹ̀, irú àwọn asanwó-orí mẹ́ta ni mo rí nínú rẹ̀. Èkíní ni olówó-oṣù: a ń yọ tirẹ̀ kí owó-oṣù rẹ̀ tó dé ọwọ́ rẹ̀, bí owó náà bá sì ti ń pọ̀ sí i ni ohun tí a ń yọ ń pọ̀ sí i. Kò sí ibi tí ó lè sá gbà. Èkejì ni ọlọ́rọ̀ tí ó ń ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀, oníṣòwò ńlá, agbaṣẹ́ṣe, lọ́yà. Lórí ìwé, ó yẹ kí ó san ju gbogbo wọn lọ. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ iye tí ó jẹ lérè, àwọn tí ó sì yẹ kí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò kò ní ìwé kankan tí wọ́n lè fi já a nírọ́. Ẹ̀kẹta ni àgbẹ̀. Nítorí pé a kò lè ka kòkó orí igi rẹ̀ ní ọ́fíìsì, iye kan pàtó ni a dá lé gbogbo wọn. Àwọn àgbà ní àparò kan kò ga ju ọ̀kan lọ, àfi èyí tí ó bá gun orí ebè. Apá kìn-ín-ní òwe yẹn nìkan ni òfin gbọ́.

Ní ọdún 1968, tí ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́ tí ìjọba sì ń wá owó, a fi oríṣiríṣi àfikún lé owó-orí àgbẹ̀, títí àpapọ̀ rẹ̀ fi sún mọ́ £6. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan. Bí àgbẹ̀ kan bá rí £50 lẹ́yìn iṣẹ́ ọdún kan, £6 jẹ́ ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Bí ẹlòmíràn tí ó rí £600 bá rọ́gbọ́n san £6 kan náà, ìdá 1 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni. Owó kan náà, ṣùgbọ́n ẹnì kan fi ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ oúnjẹ oṣù kan àti ààbọ̀ san án, èkejì fi owó ọjọ́ mélòó kan san án.

Owó mìíràn sì wà tí kò sí ẹni tí ó pè é ní owó-orí. Láti ọdún 1947 ni bọ́ọ̀dù ti ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní iye tí ìjọba dá, tí ó ń tà á ní òkè òkun ní iye tí ọjà àgbáyé dá, èyí tí ó máa ń ga jù ú lọ dáadáa ní ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí ó kù láàrin méjèèjì ni a fi ṣe ọ̀pọ̀ nǹkan tí a ń yangàn lé lórí ní Ìbàdàn. Àkọ̀wé tí ń gba owó-oṣù ń rí ohun tí a yọ lórí ìwé owó-oṣù rẹ̀. Àgbẹ̀ kò rí ti inú àpò kòkó rẹ̀, nítorí kò tíì dé ọwọ́ rẹ̀ tí a fi yọ ọ́. Lẹ́yìn ìbò oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1965, a gé iye kòkó lulẹ̀ dé ibi tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Lóòótọ́, ọjà àgbáyé já lulẹ̀ lọ́dún náà, ṣùgbọ́n ọjà náà ti gbé orí sókè padà ní ọdún 1968, iye tí ń dé ọwọ́ àgbẹ̀ kò sì bá a gòkè tó bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ tí a ti bù nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n tún dá dúró ní ojú ọ̀nà pé kí ó mú ìwé owó-orí wá, tí wolé-wolé sì ń bu owó ìtanràn lé nítorí ìdọ̀tí àgbàlá.

Òpin ọdún 1968 ni rògbòdìyàn bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, tí ó sì tàn ká. Ìgbìmọ̀ ìwádìí Adájọ́ Ayọ̀ọlá jókòó, àmọ́ ìwádìí kò pa iná náà. Ní oṣù Agẹmọ ọdún 1969 a pa Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́. Ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ àwọn Àgbẹ̀kọ̀yà ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni ó yẹ kí a tún gbọ́ dáadáa. Ọ̀kẹ́ mẹ́fà ni wọ́n ní àwọn yóò san. Ọ̀kẹ́ kan, ní ìṣirò owó ẹyọ, jẹ́ ṣílè 5. Ọ̀kẹ́ mẹ́fà jẹ́ ṣílè 30, ìyẹn £1 àti ṣílè 10. Àwọn tí ó pè wọ́n ní ọlọ̀tẹ̀ tí kò fẹ́ sanwó kò ka ọ̀rọ̀ wọn dé òpin. Iye ni wọ́n dá, iye tí wọ́n mọ̀ pé oko lè gbé. Nígbà tí Olóyè Awólọ́wọ̀ wọ inú abúlé lọ bá Tàfá Adéoyè sọ̀rọ̀ ní oṣù Ọ̀wàrà, £2 ni ìjọba Gómìnà Adébáyọ̀ fẹnu kò sí: ọ̀kẹ́ mẹ́jọ. Ọ̀kẹ́ méjì péré ni ó wà láàrin ohun tí àgbẹ̀ bèèrè àti ohun tí ìjọba gbà níkẹyìn, lẹ́yìn òkú tí ó sùn.

Lẹ́yìn èyí, orí bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ kúrò lójú ìwọ̀n. Owó epo rọ̀bì dé, ó mú kí ó rọrùn fún ìjọba láti ṣàánú. Lẹ́yìn ìbò ọdún 1979, àwọn ìjọba ẹgbẹ́ PRP ní Kánò àti Kàdúná pa haraji, tí í ṣe owó-orí tálákà, àti jangali, owó orí màlúù, rẹ́. Ní ọdún 1986 a tú àwọn bọ́ọ̀dù tí ń ra irè oko ká. Ní ọdún 1994 owó orí ọjà tí a mọ̀ sí VAT bẹ̀rẹ̀ ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó di ìdá 7.5 ní oṣù Èrèlé ọdún 2020. Ìjọba àpapọ̀ ni ó ń gbà á, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ ni ó ń kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Owó-bodè ni ó tún padà wá, lójú tèmi, nítorí pé ẹni tí ó rà ni ó ń san án.

Òfin owó-orí tuntun tí a buwọ́ lù ní oṣù Òkúdù ọdún 2025, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2026, yọ ẹni tí owó tí ń wọlé fún un kò ju ₦800,000 lọ́dún kúrò lára àwọn tí ń san owó-orí lórí owó tí ń wọlé. Ó pẹ́ kí a tó gbọ́ ohun tí àwọn obìnrin Èkó ti wí ní ọdún 1940. Ṣùgbọ́n owó ọjà, owó ìsọ̀ àti owó ibùdókọ̀ wà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 1998 ṣe tò ó, àti pé ní ọ̀pọ̀ ọjà wa, iye kan náà ni agbowó ń gbà ní ìdí agbọ̀n ata kan ṣoṣo àti ní ìdí ìsọ̀ tí aṣọ kún dé òrùlé.