Ìdí Tí Iṣẹ́ Ọnà Àwọn Anglo-Saxon Fi Rẹ̀yìn

Ní nǹkan bí ọdún 675, Benedict Biscop, olórí àwọn mọ́ńkì kan, ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gaul, tó di Faransé lónìí, pé kí wọ́n bá òun wá àwọn tó mọ gíláàsì ṣe. Ilé àwọn mọ́ńkì ló ń kọ́ sí Wearmouth ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí ọmọ ilẹ̀ náà, ìyẹn àwọn Anglo-Saxon, tó lè fi gíláàsì sí fèrèsé ilé ìsìn fún un. Bede, òpìtàn tí wọ́n tọ́ dàgbà lọ́dọ̀ àwọn mọ́ńkì yìí, jẹ́rìí sí i pé àwọn àlejò náà ṣe fèrèsé, wọ́n sì kọ́ àwọn onílé níṣẹ́. Àmọ́ ní 764, Cuthbert, tó wà lórí àga Biscop nígbà náà, kọ lẹ́tà sí Bíṣọ́ọ̀bù Lul ní Mainz pé kó jọ̀wọ́ fi ẹni tó mọ ohun èlò gíláàsì ṣe ránṣẹ́, torí àwọn ò mọ̀ ọ́n. Kò tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí iṣẹ́ náà fi wọlé tó sì jáde. Bẹ́ẹ̀ àwọn Viking, àwọn ajagun orí òkun, kò tíì dé. 793 ni wọ́n tó kọ lu ilé àwọn mọ́ńkì ní Lindisfarne.

Lẹ́tà yẹn ni mo máa ń rántí tí àwọn òǹkọ̀wé bá di gbogbo ẹ̀bi ìrẹ̀yìn yìí ru ogun. Ogun jẹ̀bi, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbé iṣẹ́ wá? Bí kò bá sẹ́ni tó ń gbé e wá, ọ̀gá kò ní gba ọmọ iṣẹ́, yóò sì kú tòun ti ìmọ̀ rẹ̀.

Ẹ wo ohun tí wọ́n hú jáde ní Sutton Hoo, ní Suffolk, lọ́dún 1939: odidi ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi sin ọlọ́lá kan, bóyá Ọba Raedwald, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún keje. Ìdè ìgbànú wúrà kan ṣoṣo níbẹ̀ wúwo ju 400 gíráàmù lọ; ejò àti ẹranko lọ́ mọ́ra wọn lójú rẹ̀ débi pé ojú á rẹ ẹni tó bá fẹ́ tọpa ìrù kan dé orí. Lára ìdè èjìká, alágbẹ̀dẹ gé òkúta pupa garnet pẹlẹbẹ, ó tò ó sínú ihò wúrà kéékèèké, ó sì tẹ́ wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fín sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ìmọ́lẹ̀ lè ta padà láti ìsàlẹ̀. British Museum ni wọ́n wà báyìí.

Irú iṣẹ́ yìí kò pẹ́ tó fi di ọ̀wọ́n. Apá kan òkúta náà ń ti India àti Sri Lanka wá, ọjà yẹn sì gbẹ. Ẹ̀sìn Kristi náà dé: wọn kò sin òkú pẹ̀lú wúrà mọ́, ìjọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iṣẹ́ wá bí ọba. Níbí ló ti yẹ ká ṣọ́ra. Àgbélébùú, ife ìsìn àti èèpo ìwé tí wọ́n fi wúrà ṣe fún ìjọ kò sí nínú ilẹ̀. Ibi tí olè, ọba tó ń wá owó àti iná alágbẹ̀dẹ ti lè dé ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n wà. Apá kan ohun tí à ń pè ní ìrẹ̀yìn, ẹ̀rí tó sọnù ni.

Lẹ́yìn 1066, tí àwọn Norman láti ilẹ̀ Faransé gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ọ̀rọ̀ wá le gan-an. Nígbà tí wọ́n kọ Ìwé Domesday, àkọsílẹ̀ ilẹ̀ àti àwọn tó ni ín, ní 1086, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ilẹ̀ ńlá ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ṣáájú ìgbà náà, Ọba Edward lè kó wúrà àti òkúta iyebíye fún Spearhafoc, mọ́ńkì tó tún jẹ́ alágbẹ̀dẹ wúrà, pé kó fi rọ adé. (Ní 1051 Spearhafoc kó gbogbo rẹ̀ sá lọ, wọn ò sì rí i mọ́.) Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi kọ Domesday, àwọn tó ń gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá ti kú tàbí kí wọ́n ti di aláìní.

Àwọn obìnrin tó ń fi okùn wúrà dárà sí aṣọ kò bá wọn ṣubú. Ìwé Domesday kan náà dárúkọ Leofgyd, tó ní ilẹ̀ ní Wiltshire, tó ṣe iṣẹ́ yìí fún ọba àti ayaba, tó sì ṣì ń ṣe é. Ó dárúkọ Ælfgyth pẹ̀lú, ẹni tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Godric fún ní ilẹ̀ kó lè kọ́ ọmọbìnrin Godric níṣẹ́ náà. Ọmọ iṣẹ́ wà, owó ẹ̀kọ́ wà, àwọn Norman tó gbàjọba sì fẹ́ràn aṣọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe àkọsílẹ̀ ìṣúra Póòpù ní 1295, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú àwọn aṣọ ọlọ́nà ibẹ̀.