Láti Òfì dé Abẹ́rẹ́ Oníwọ̀: Òwú nínú Ìtàn Ìbàdàn Àtijọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òwú tí ìyá bá gbọ̀n ni ọmọ ń ran. Ọ̀rọ̀ yìí yẹ kí ó wá sí ọkàn ẹni tí ó bá rí àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin òde òní ní Bẹẹrẹ, ní Mápó tàbí ní Bẹyẹrunká, tí wọ́n jókòó ti òwú aláwọ̀ mèremère, tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja hun fìlà, bùláòsì àti odidi kaba. Kíróṣé ni orúkọ iṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa sọ pé iṣẹ́ òyìnbó ni, pé àná òde yìí ni ó dé. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò kún. Abẹ́rẹ́ náà ni àjèjì. Ìmọ̀ òwú, àti ayọ̀ tí ń bẹ nínú kí a fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó hun ún, kì í ṣe àjèjì ní Ìbàdàn rárá.

Ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni kíróṣé gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Ireland. Nígbà tí ìyàn ńlá mú ní Ireland láti 1845, tí pòtétò jẹrà nínú ilẹ̀, iṣẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ obìnrin ibẹ̀ fi rí owó oúnjẹ. Wọ́n ń fi òwú tín-ín-rín ṣe ọrùn aṣọ àti etí aṣọ fún àwọn ọlọ́rọ̀. Láti inú ayé bẹ́ẹ̀ ni Anna Hinderer ti wá. Òun àti ọkọ rẹ̀, David Hinderer, ọmọ Jámánì tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọ CMS, wọ Ìbàdàn ní 1853, wọ́n sì tẹ̀dó sí Kúdẹtì. Yéjídé wà lára àwọn ọmọ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà sílé; orúkọ rẹ̀ ni Yejide Girls' Grammar School ń jẹ́ títí di òní. Ìwé kíkà àti abẹ́rẹ́ ni àwọn ọmọbìnrin ń kọ́ pọ̀ lọ́dọ̀ ìyá náà. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, tí ọ̀nà etíkun dí, tọkọtaya yìí ní láti máa ta ẹrù wọn kí wọ́n tó rí oúnjẹ jẹ. Ẹrù òkè-òkun kò wọlé mọ́ bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n òwú tí àwọn ará ìlú fi ń bora kò ti etíkun wá.

Kí ni àlejò bá nílẹ̀? Ó bá àwọn obìnrin tí wọ́n ń yọ kóró kúrò lára òwú, tí wọ́n ń gbọ̀n ọ́n títí yóò fi fúyẹ́ bí ìkúùkù, tí wọ́n sì ń fi igi ìrànwú tẹ́ẹ́rẹ́ ran án. Òwú tí a fi ọwọ́ ran kì í dọ́gba: a máa ki níbì kan, a máa tẹ́ẹ́rẹ́ níbòmíràn. Aṣọ tí a fi hun a máa wúwo, a sì máa rọ̀ sí i bí a ti ń fọ̀ ọ́. Àwọn obìnrin a máa fi í hun kíjìpá lórí òfì òòró tí a gbé ti ògiri, aṣọ tí ó nípọn tí a fi ń ṣiṣẹ́ tí a sì fi ń pọn ọmọ. Òfì àwọn ọkùnrin ní tirẹ̀ a máa mú aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn jáde, èyí tí a óò gé tí a óò sì rán pọ̀ di agbádá tàbí ìró.

Lórí òfì ọkùnrin yìí ni òwú ti ń fi ara rẹ̀ hàn. Ẹtù jẹ́ òwú tí a rì sínú aró lọ́pọ̀ ìgbà títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, tí a wá fi ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ là á, kí ó lè jọ ìyẹ́ ẹyẹ tí ó ń jẹ́ orúkọ náà. Sányán kì í ṣe òwú oko rárá. Kòkòrò inú igbó kan ni wọ́n ń gbé pọ̀ nínú ilé kan ṣoṣo tí wọ́n fi itọ́ ara wọn kọ́ sára igi. A óò já ilé náà, a óò sè é nínú omi eérú kí ó lè rọ̀, a óò sì ran án bí a ti ń ran òwú. Àwọ̀ rẹ̀ dàbí iyanrìn odò, ó sì le lọ́wọ́ díẹ̀ títí yóò fi pẹ́ lára ẹni tí ó ń wọ̀ ọ́. Wọ́n ń pè é ní baba aṣọ. Àlàárì ní tirẹ̀ pupa, ó ń dán. Sílíkì tí ó fi kún ẹwà rẹ̀ gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá láti etí òkun Mẹditaréníà, ó gba ilẹ̀ Haúsá, kí ó tó dé ọwọ́ ahunṣọ Yorùbá. Ẹni tí ó bá di ojú rẹ̀ tí ó sì fi àtàǹpàkò ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè sọ èyí tí í ṣe ẹtù, èyí tí í ṣe sányán, èyí tí í ṣe àlàárì.

Ihò pàápàá kò ṣàjèjì. Ahunṣọ a máa di àwọn òwú òró pọ̀ ní ìdì kéékèèké kí ihò lè yọ ní àárín aṣọ, a sì máa jẹ́ kí òwú tí ń dán gba ojú ihò náà kọjá sí òmíràn. Ẹni tí ó ti mọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀, ihò kíróṣé kò lè jọ ọ́ lójú bí ẹni pé kò rí irú rẹ̀ rí. Àwọn aládìrẹ náà mọ agbára okùn: wọ́n ń fi ìko di aṣọ, wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ rán an pọ̀, wọ́n ń rì í sínú aró, lẹ́yìn náà ni wọ́n ń tú okùn náà dànù. Nígbà tí wọ́n sì ṣí Gbọ̀ngàn Mápó ní 1929, kò pẹ́ tí àwọn òpó rẹ̀ fi wọ inú adìrẹ ẹlẹ́kọ tí a ń pè ní Ìbàdàn dùn.

Ọkọ̀ ojú irin tí ó dé Ìbàdàn ní 1901 ni ó yí nǹkan padà. Àwọn oníṣòwò Manchester dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1902 láti máa wá òwú ilẹ̀ àwọn tí wọ́n ń ṣàkóso fún ẹ̀rọ Lancashire, Ìbàdàn sì wà lára ibi tí wọ́n fojú sí. Òwú tútù ń lọ, òwú ẹ̀rọ ń bọ̀: ó dọ́gba, a ti pa á láró, kò sí pé ẹnì kan ń jókòó ran án fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Àwọn kan a máa sunkún àsìkò yìí bí ẹni pé wọ́n fi ipá já òwú gbà lọ́wọ́ ahunṣọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ahunṣọ náà yàn án, nítorí ó mú kí ọwọ́ rẹ̀ yá. Ohun tí ó sọnù ni iṣẹ́ obìnrin tí ń ran òwú, kì í ṣe ti ọkùnrin tí ń hun ún, èyí kì í sì í sábà wọ inú ìtàn. Ohun mìíràn tún ṣẹlẹ̀ sí sányán: kòkòrò kúrò nínú rẹ̀, orúkọ kò kúrò. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà ní sányán lónìí jẹ́ òwú ẹ̀rọ lásán tí a pa láró kí ó lè jọ ọ́. Ní ọjà Ọjẹ́, tí kò jìnnà sí Bẹyẹrunká, níbi tí àwọn aláṣọ òkè ti ń pàdé ní ọjọ́ 16 síra wọn, ìka àwọn àgbà oníṣòwò ṣì mọ ìyàtọ̀.

Ní ilé-ìwé ni abẹ́rẹ́ oníwọ̀ ti rí àyè tirẹ̀. Ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin Kúdẹtì bẹ̀rẹ̀ ní 1899. Ní 1950 ni ó dàpọ̀ mọ́ ti CMS Èkó, tí wọ́n di St. Anne's School ní Mọ̀lété, ilé-ìwé tí ó ń jẹ́ orúkọ Anna Hinderer. Iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ ẹ̀kọ́ tí ọmọbìnrin gbọ́dọ̀ kọ́ láyé ìgbà náà. Ó dára, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù kan: wọ́n kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ohun tí a fi ń tọ́ ìyàwó rere, aṣọ orí tábìlì àti fìlà ọmọ jòjòló, wọn kò so ó mọ́ òfì tí ó ń dún létí ògiri. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ òwú méjì ṣe ń gbé ìlú kan náà láìkí ara wọn.

Orúkọ tún ṣeré lórí òwú tí wọ́n ń lò. Wúùlù ni gbogbo ènìyàn ń pè é, ṣùgbọ́n irun àgùntàn kò sí nínú púpọ̀ rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi epo rọ̀bì ṣe ni. Àwọn onídìrí pàápàá ń lò ó láti fi di irun, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wọn ti ń fi òwú dúdú kó irun. Ẹni tí ó bá fi wúùlù yìí hun bùláòsì yóò mọ̀ ọ́n lára nínú oòrùn Ìbàdàn, nítorí kì í fa òógùn. Òwú gidi ń fà á, ó tutù, ṣùgbọ́n ó wúwo, a sì máa fà gùn sílẹ̀ bí aṣọ náà bá gùn. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ a máa pa wọ́n pọ̀: òwú gidi níbi tí aṣọ ti kan ara, òwú tí ń dán létí ọrùn, èyí tí ó ní irun gígùn díẹ̀ létí ọwọ́ kí ojú lè rí nǹkan wò. Ìwọ̀ ńlá fún aṣọ tí afẹ́fẹ́ yóò gbà kọjá, ìwọ̀ kékeré fún èyí tí yóò dúró ṣinṣin. Bí kò bá sì wù ú, yóò fa etí òwú kan, odidi kaba yóò tú padà di òwú. Ọ̀já òfì tí a ti gé kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ti gba òwú rírán, ó ti gba púpọ̀ nínú aṣọ híhun, ó tilẹ̀ ń ṣe léèsì. Kò tíì gba kíróṣé. Gbogbo èyí tí a bá rí lọ́rùn ẹnikẹ́ni, ní Mápó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, ọwọ́ ènìyàn kan ni ó hun ún, ojú kan tẹ̀ lé òmíràn.