Mitokọ́ńdríà Nínú Àrùn Alzheimer: Ẹ̀rí Inú Ẹ̀jẹ̀

Ní ọdún 1906, ní ìlú Tübingen ní Jámánì, Alois Alzheimer ṣàlàyé ohun tó rí nínú ọpọlọ Auguste Deter, obìnrin tí iyè rẹ̀ ti ra pátápátá kó tó kú: òkìtì ìdọ̀tí láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì, àti fọ́nrán tó lọ́ pọ̀ nínú wọn. Nígbà tí àwọn onímọ̀ Hardy àti Higgins kéde ní 1992 pé amyloid, èròjà inú òkìtì náà, ni orísun àrùn yìí, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ tẹjú mọ́.

Wọ́n tẹjú mọ́ ọn jù. Ọpọlọ kò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ìwọ̀n ara lọ, síbẹ̀ ó ń jẹ tó ìdá 20 nínú agbára ara. Mitokọ́ńdríà inú sẹ́ẹ̀lì ló ń fi ṣúgà àti ọ́síjìn pèsè èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Àwòrán PET sì ń fi hàn pé ọpọlọ aláìsàn kì í lo ṣúgà tó bó ṣe yẹ, nígbà mìíràn kí ẹni náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣarán rárá.

Àtakò kan wà: ṣé kì í ṣe pé sẹ́ẹ̀lì tó ń kú lọ ni kò lè jẹun mọ́? Inú ẹ̀jẹ̀ ni èsì ti wá. Ní 1990, Parker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì wò lára àwọn aláìsàn, wọ́n sì rí i pé iṣẹ́ cytochrome oxidase, ẹ́ńsáìmù tó ń lo ọ́síjìn nínú mitokọ́ńdríà, ti dínkù. Ibẹ̀ jìnnà sí òkìtì inú ọpọlọ. Àwọn mìíràn tún mú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti kó DNA mitokọ́ńdríà rẹ̀ kúrò, wọ́n fi mitokọ́ńdríà aláìsàn rọ́pò rẹ̀. Àbùkù ẹ́ńsáìmù náà bá a wọlé, amyloid tí sẹ́ẹ̀lì ń pèsè sì lé sí i. Lórí èyí ni Swerdlow àti Khan dúró ní 2004 tí wọ́n fi sọ pé, lára àwọn arúgbó, mitokọ́ńdríà ló kọ́kọ́ ń yẹ̀.

Òótọ́ ni pé amyloid ló ń ṣáájú nínú àwọn ìdílé tí wọ́n ti ń jogún àrùn yìí nípa jíìnì APP tàbí presenilin. Ṣùgbọ́n wọn kò tó ẹnìkan nínú 100 aláìsàn. Lecanemab, oògùn tó ń kó amyloid kúrò, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2023, dín ìyára àrùn kù ní ìdá 27 nínú 100 láàárín oṣù 18. Kò dá a dúró.

Ìbàdàn náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ìwádìí tó jáde ní 2001 fi hàn pé ìdá 1.15 nínú 100 àwọn àgbà Yorùbá níbẹ̀ ni Alzheimer ń mú lọ́dún, nígbà tí ti àwọn adúláwọ̀ Indianapolis ní Amẹ́ríkà jẹ́ 2.52. Jíìnì APOE ε4, tó léwu gan-an lọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíràn, kò fi bẹ́ẹ̀ so mọ́ àrùn náà ní Ìbàdàn. Bó bá jẹ́ pé mitokọ́ńdríà ló kọ́kọ́ ń yẹ̀ lóòótọ́, irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kí wọ́n wọn cytochrome oxidase wọn. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti apá ti tó fún un.