Níbo Ni Eruku Ń Lọ?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ má rẹ́rìn-ín o. Mo mọ̀ pé ewì lẹ ń retí lọ́wọ́ mi, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti ń pè mí ní Akéwì láti ọdún kìíní. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ ni mo gbé wá lónìí, èyí tí gbogbo wa ń pè ní fákúùmù. Bí ẹ bá gbọ́ ìdí rẹ̀, ẹ ó foríjì mí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ kó lọ sílé tuntun. Rọ́ọ̀gì ńlá kan wà ní pálọ̀ wọn, ó nípọn débi pé ẹsẹ̀ ń rì sínú ẹ̀. Ìgbálẹ̀ ọ̀pẹ ò rí irú rọ́ọ̀gì bẹ́ẹ̀ bá ṣe, ńṣe ló kàn ń ha á lórí. Ẹ̀gbọ́n mi yìí sì ní ásímà láti kékeré. Ni ọkọ ẹ̀ bá lọ ra fákúùmù tòkunbọ̀ lọ́jà. Wọ́n kọ 2000 watts gàdàgbà sára ẹ̀. Ẹni tó tà á fún un ní, "Ọ̀gá, eléyìí á fa òkúta." Lóòótọ́ ló fà. Àmọ́ àpò inú ẹ̀ ti gbó, kò sì sí asẹ́ kankan níbi tí atẹ́gùn ti ń jáde. Gbogbo eruku tó ń fà níwájú ló ń tú sílẹ̀ lẹ́yìn, ó tún wá kúnná ju bó ṣe wọlé lọ. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, èmi ni mo di ínhélà mú fún ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí ọkọ ẹ̀ ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Àyà ẹ̀ ń dún bíi fèrè tó ti là.

Ọlọ́run bá wa ṣe é, ara ẹ̀ balẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìyá wa dé láàárọ̀, wọ́n wo ẹ̀rọ náà, wọ́n ní, "Ṣé ìgbálẹ̀ ti tán ní Nàìjíríà ni?" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Èmi ní tèmi, mo fẹ́ mọ ẹni tó kọ́kọ́ ronú irú ẹ̀rọ báyìí, àti ohun tó ń wá gan-an. Dípò kí n máa kàwé ìdánwò, ìtàn fákúùmù ni mo ń kà.

Kí n tó dé ilẹ̀ òkèèrè, ẹ jẹ́ kí n kí màmá àgbà wa. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe máa ń gbálẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Wọn ò ní kàn gbé ìgbálẹ̀ kí wọ́n máa gbá a lọ. Wọ́n á kọ́kọ́ bu omi sínú igbá, wọ́n á fọwọ́ wọ́n ọn sílẹ̀, kí eruku má bàa gbéra. A ò gbọdọ̀ gbálẹ̀ lálẹ́ lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ní ire ilé là ń gbá jáde. A ò sì gbọdọ̀ fi ìgbálẹ̀ na ọkùnrin. Mo fi gbogbo ìyẹn ṣe ẹ̀rín nígbà náà. Ti omi yẹn nìkan ni mi ò fi ṣe ẹ̀rín mọ́. Màmá mọ̀ pé kí ìdọ̀tí kúrò nílẹ̀ ò le, ibi tí yóò bà sí ló le.

Ohun tó da àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ yìí láàmú náà nìyẹn. Ní 1869, Ives McGaffey ní Chicago gba ìwé àṣẹ fún ẹ̀rọ kan tó pè ní Ààjà. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i, ẹni tó ń yí i náà ló sì gbọ́dọ̀ máa tì í lọ. Ẹ wo wàhálà! Àwọn mìíràn wá ní kí àwọn máa fi atẹ́gùn fẹ́ eruku kúrò lára kápẹ́ẹ̀tì. Ní 1901, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní London, Hubert Cecil Booth, lọ wo irú ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fi í hàn. Eruku fò lọ sókè, ó sì tún padà bọ́ sórí ohun tí wọ́n ń fẹ́. Booth bi ẹni tó ni ín pé kí ló dé tí kò fà á dípò kó máa fẹ́ ẹ. Inú bí onítọ̀hún, ó ní kò ṣeé ṣe, ó bá tiẹ̀ lọ.

Booth ò jẹ́ kó tán síbẹ̀. Ó wọ ilé oúnjẹ kan, ó tẹ́ aṣọ ìnujú sórí àga, ó gbẹ́nu lé e, ó sì fà á tagbáratagbára. Ikọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ṣùgbọ́n nígbà tó yí aṣọ náà wò, eruku ti dúdú sára ẹ̀. Èmi fẹ́ràn ibí yìí ju gbogbo ìtàn náà lọ: àgbàlagbà tó wọ kóòtù, tó ń fẹnu fa àga níwájú àwọn ènìyàn.

Ẹ̀rọ tó wá ṣe lọ́dún yẹn tóbi, ẹṣin ló ń wọ́ ọ. Ìta ni wọ́n ń gbé e sí, ẹ́ńjìnì tó ń lo pẹtiróòlù á máa pariwo, wọ́n á wá na ọ̀pá rọ́bà gígùn gba ojú fèrèsé wọlé oníbàárà. Ariwo ẹ̀ ń dẹ́rù ba ẹṣin àwọn ẹlòmíràn lójú títì, wọ́n tiẹ̀ tìtorí ẹ̀ pè é lẹ́jọ́. Ní 1902, kí wọ́n tó dé Ọba Edward Keje ládé, ẹ̀rọ yìí ni wọ́n fi fọ kápẹ́ẹ̀tì inú ṣọ́ọ̀ṣì Westminster Abbey. Àwọn ọlọ́lá wá ń pe ara wọn wá wo bí eruku ilé wọn ṣe ń kọjá nínú ọ̀pá tí ojú ń rí inú ẹ̀. Ẹ wo fáàrí, eruku tẹni ni wọ́n fi ń gbàlejò!

Ẹ̀yin tí a jọ ń ṣe Yorùbá, ẹ bá mi wò ó: fẹ́, gbá, fà. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta yìí ni gbogbo ìtàn náà. A ń pè é ní ẹ̀rọ ìgbálẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò gbá nǹkan kan, fífà ló ń fà. Ẹ̀rọ afàdọ̀tí ló yẹ ká máa pè é. Mo ti sọ ọ́ ní kíláàsì, wọ́n ní kí n jókòó.

Ẹni tó jọ ẹ̀gbọ́n mi jù nínú ìtàn yìí kì í ṣe Booth. James Murray Spangler ni, bàbá kan tó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, tó ń gbálẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Canton, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà. Ó ní ásímà. Ohun tí wọ́n fún un láti máa fi gbá kápẹ́ẹ̀tì ń gbé eruku dìde, ikọ́ ò sì jẹ́ kó sinmi. Ní 1907, ó mú ẹ́ńjìnì fáànù, ó so ó mọ́ ọ̀pá ìgbálẹ̀ àti àpótí kan, ó wá fi àpò ìrọ̀rí kọ́ ẹ̀yìn ẹ̀ kí eruku lè máa dúró síbẹ̀. Ẹ gbọ́ o: àpò ìrọ̀rí! Iṣẹ́ tó ń jẹ ló ń pa á, kò sì lówó láti fi í sílẹ̀. Ó gba ìwé àṣẹ ní June 1908. Lọ́dún yẹn náà ni William Hoover, tó ń ṣòwò awọ, ra ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì jẹ́ kó máa bá a ṣiṣẹ́. Spangler kú ní 1915. Orúkọ Hoover ló wá gba ayé kan. Àǹtí mi tó pẹ́ ní London, bí wọ́n bá fẹ́ gbálẹ̀, wọ́n á ní, "Jẹ́ n hoover pálọ̀ mi." Kò sẹ́ni tó ń "spangler" pálọ̀.

Àǹtí yìí gan-an ni mo pè lórí fóònù. Ọ́fíìsì ni wọ́n ń gbá ní London láàárọ̀ kùtù, kí àwọn òṣìṣẹ́ tó dé. Henry ni wọ́n ń lò, fákúùmù pupa tí wọ́n ya ojú ẹlẹ́rìn-ín sí lára.

"Ẹ kú ilé, mà. Èwo ni ká rà?"

"Má wo watts. Bi wọ́n bóyá àpò bébà ẹ̀ wà lọ́jà. Tí àpò bá tán, tẹ́ ò rí òmíràn rà ńkọ́?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ nípa watts. Iná tí ẹ̀rọ ń jẹ nìyẹn, kì í ṣe agbára tó fi ń fà. Ní 2014, Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní kí wọ́n má ta èyí tó ju 1600 watts lọ mọ́. Ní 2017, wọ́n já a sí 900. Nílé tiwa, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Tí NẸ́PÀ bá múná lọ (a ò tíì gbàgbé orúkọ yẹn láti 2005 tí wọ́n ti pa á dà), jẹnẹrétọ̀ kékeré ò lè gbé 2000 watts. Àwọn tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà tún wà, 120 volts ni tiwọn. Ẹ kì í bọ̀nà ilé wa, ẹ ó gbóòórùn ẹ̀ kẹ́ ẹ tó rí èéfín.

Mo ro ti aláìlápò náà. James Dyson ló mú un gbajúmọ̀. Àpò fákúùmù ẹ̀ ń dí, ó sì rí bí ẹ̀rọ kan ní sọ́míìlì ṣe ń fi ààjà ya eruku igi sọ́tọ̀. Ó ṣe 5,127 kó tó rí èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sì gbé DC01 jáde ní 1993. Iṣẹ́ ọpọlọ ni, mo kí i. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ da eruku inú ike ẹ̀ nù, ojú yín ló máa kọ́kọ́ fẹ́ lù. Ẹni tó ní ásímà ò nílò ìyẹn.

Ohun tá a wá ni àpò bébà tó ń dé pa, àti asẹ́ HEPA níbi tí atẹ́gùn ń gbà jáde. Àwọn tó ń ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1940 ni wọ́n ṣe irú asẹ́ yìí, kí eruku olóró má bàa pa wọ́n. Nínú 10,000 ẹyọ eruku tó fẹ̀ tó 0.3 micron, mẹ́ta péré ló lè yọ́ kọjá. Àmọ́ tí ara ẹ̀rọ náà bá ní ihò, asán ni asẹ́.

A dé ṣọ́ọ̀bù. Mo ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ, kí wọ́n fà á lórí rọ́ọ̀gì tó wà nílẹ̀, mo sì fi aṣọ ìnujú funfun sẹ́yìn ẹ̀. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù ní, "Brọ̀dá, ṣé oògùn lẹ fẹ́ fi ṣe ni?" Ti àkọ́kọ́ sọ aṣọ náà di eléérú. Ìkejì náà ò sàn. Ìkẹta, 800 watts péré, kò fi nǹkan kan sára aṣọ. Òun la rà, pẹ̀lú àpò mẹ́fà.

Ìyá wa tún dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n jókòó, wọ́n wò ó títí ẹ̀gbọ́n mi fi ṣe pálọ̀ tán tí kò sì wú ikọ́ kan. Wọ́n ní kí wọ́n ṣí i káwọn rí àpò inú ẹ̀, wọ́n sì gbé e wò lọ́wọ́ bí ẹni tó ń wọn ẹ̀wà. Lẹ́yìn náà wọ́n mú ìgbálẹ̀, wọ́n lọ gbá ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, níbi tí ọ̀pá ẹ̀rọ náà ò dé. Wọ́n kọ́kọ́ wọ́n omi sí i. Àpò ku mẹ́rin.