Ryanair ní Charleroi: Ibùdó Tí Ọjọ́ Ọ̀la Rẹ̀ Di Ẹjọ́, 2001–2008

Charleroi wà ní ẹkùn Wallonia, lápá gúúsù orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù. Èédú, irin àti gíláàsì ló sọ ìlú náà di ọlọ́rọ̀ ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún. Nígbà tó di ọdún 1984, ihò èédú tó kẹ́yìn ní agbègbè náà kógbá sílé. Ilé-iṣẹ́ irin náà ń dínkù, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò sì ríṣẹ́ ṣe. Ìjọba Wallonia wá yíjú sí pápákọ̀ òfurufú kékeré tó wà ní Gosselies, lẹ́bàá ìlú náà, pé bóyá ibẹ̀ ni iṣẹ́ tuntun yóò ti wá.

Pápákọ̀ yìí fi nǹkan bí 50 kìlómítà jìnnà sí Brussels. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kò kà á sí, nítorí Zaventem, pápákọ̀ ńlá Brussels, ni wọ́n ń lò. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn wọ̀nyẹn kọ̀ ni Ryanair, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ilẹ̀ Ireland, ń wá: ibi tí owó ìbàlẹ̀ ti kéré, tí ọkọ̀ sì lè já èrò, kó èrò mìíràn, kó tún gbéra kíákíá. Ọdún 1997 ni ọkọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ti Dublin wá síbẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2001, wọ́n sọ Charleroi di ibùdó wọn àkọ́kọ́ lórí ilẹ̀ Yúróòpù gan-an. Èyí ni pé ọkọ̀ ń sùn síbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì ń gbé níbẹ̀. Nígbà tí Sabena, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, kógbá sílé ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, àyè tún gba Ryanair sí i.

Àdéhùn ọdún 15 ló wà láàárín Ryanair àti àwọn aláṣẹ Wallonia. Ìjọba Wallonia dín owó ìbàlẹ̀ kù sí nǹkan bí ìdajì. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń darí pápákọ̀ náà ń gba yúrò 1 péré lórí èrò kọ̀ọ̀kan fún ìtọ́jú ọkọ̀ àti ẹrù, ó sì ń san yúrò 160,000 fún ọ̀nà tuntun kọ̀ọ̀kan, títí dé ọ̀nà 12. Ó tún san yúrò 768,000 fún ìgbanisíṣẹ́ àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn awakọ̀. Ryanair ní tirẹ̀ ṣèlérí pé ọkọ̀ méjì sí mẹ́rin yóò máa wà níbẹ̀. Bí ó bá kó lọ kí ọdún márùn-ún tó pé, yóò dá owó ìrànwọ́ padà.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2002, Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìṣọ̀kan Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Ìbéèrè wọn ni pé: ṣé ọgbọ́n òwò ni ìjọba fi ṣe àdéhùn yìí, tàbí ó kàn fi owó ìlú ti ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo lẹ́yìn ni? Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 2004, ìgbìmọ̀ náà dájọ́ pé apá kan ìrànwọ́ náà lè dúró, ṣùgbọ́n kí Ryanair dá ìyókù padà. Ìpayà bá Charleroi. Èrò tí kò tó 300,000 ní ọdún 2000 ti kọjá mílíọ̀nù méjì ní ọdún 2004, ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì ti wá. Ryanair pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 2008 ni ilé-ẹjọ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fagi lé ìpinnu ìgbìmọ̀ náà. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ náà ṣàṣìṣe: ó yẹ kó ka ìjọba Wallonia àti ilé-iṣẹ́ tó ń darí pápákọ̀ sí ọ̀kan, kó sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá oníṣòwò aládàáni lè ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Gbọ̀ngàn èrò tuntun ti ṣí ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún yẹn. Ní ọdún 2019, èrò ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ.

Charleroi jèrè, kò sí àní-àní. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ owó nìkan ni ẹjọ́ náà yanjú. Kò yí òtítọ́ kan padà: Ryanair lè gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn láàárín oṣù díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ọkọ̀, gbọ̀ngàn àti àwọn òṣìṣẹ́ Charleroi kò ní ibi tí wọn yóò kó lọ. Nítorí náà, ìlú tó bá fẹ́ gba irú àlejò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ohun tí àlejò náà yóò san bí ó bá ń lọ sínú àdéhùn, kó sì fi àdéhùn náà han àwọn ará ìlú tí owó wọn ni wọ́n ń ná.