Ìpín Àgbègbè Nínú Adójútòfò Ọkọ̀

Ìpín àgbègbè ni ọ̀nà tí àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò ń gbà pín ilẹ̀ sí ẹkùn-ẹkùn lórí máàpù, kí wọ́n lè mọ ibi tí àwọn ọlọ́kọ̀ ti ń ná wọn lówó jù. Awakọ̀ méjì lè ra irú ọkọ̀ kan náà, kí ọjọ́ orí wọn dọ́gba, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má sì tíì kọlu ohunkóhun rí, síbẹ̀ kí ará ìgboro san ju ará oko lọ.

Ilẹ̀ Jámánì ni ètò yìí ti fojú hàn kedere. Lọ́dọọdún, GDV, ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò ibẹ̀, máa ń yẹ àkọsílẹ̀ ọdún márùn-ún wò fún àgbègbè tó lé ní 400. Fún adójútòfò tó jẹ́ dandan, èyí tó ń san owó ohun tí awakọ̀ bá bà jẹ́ fún ẹlòmíràn, ìpele 12 ló wà; òkè téńté ni Berlin sábà máa ń wà. Fún olè, ìjì, yìnyín àti ẹranko, ìpele 16 ni, máàpù náà a sì yàtọ̀ pátápátá. Oko tó dákẹ́ rọ́rọ́ lè wọ́n níbí, nítorí àgbọ̀nrín àti ẹlẹ́dẹ̀ igbó tó ń já sójú títì lóru. Gúúsù Bavaria ní tirẹ̀, yìnyín ni ìṣòro wọn: èyí tó rọ̀ ní Munich ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 1984 ba nǹkan bí ọkọ̀ 200,000 jẹ́.

Ibi tí wọ́n ti forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ibi tó ti forí sọ. Ará Hamburg tó bá lọ kọlu ọkọ̀ ní Munich, Hamburg ni wọn yóò kọ ọ́ mọ́. Ìpele yìí kò sì de iléeṣẹ́ kankan lọ́wọ́. Ó lè lò ó, ó sì lè pa á tì.

Ní Nàìjíríà, iye kan náà ni adójútòfò dandan jákèjádò orílẹ̀-èdè: ₦15,000 fún ọkọ̀ àdáni láti oṣù Kìíní ọdún 2023, ì báà jẹ́ Ìkẹjà, ì báà jẹ́ Ìgbòho.

Ní California, máàpù yìí dá ìjà sílẹ̀. Awakọ̀ tí kò lẹ́ṣẹ̀ lọ́rùn ń sanwó gọbọi torí pé àdúgbò rẹ̀ ní Los Angeles kò dára lójú iléeṣẹ́ adójútòfò, ẹ̀sùn náà sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní ọdún 1988, àwọn olùdìbò fọwọ́ sí Proposition 103, tó ní kí ìwà awakọ̀ lójú títì, iye máìlì tó ń wà lọ́dún àti ọdún tó ti fi ń wakọ̀ ṣáájú. Àdúgbò lè tẹ̀ lé wọn, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ wúwo jù wọ́n lọ.